Sọ́ọ̀ù, Kóńgò àti Lítà: Kí Ẹ̀tọ́ Ọmọ Òrukàn Má Ṣe Dín
(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ Sàká àti ìtọ́jú ọmọ òrukàn bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn olóore sọ ní ìpàdé ìmúrasílẹ̀ fún ààwẹ̀)

Ní orúkọ Ọlọ́hun Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ láàrin àwa ẹ̀dá kí á má baà rẹ́ ara wa jẹ. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá aṣíwájú wa, Ànọ́bì Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn Sọ̀hábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n sábà máa ń sọ ní orí mínbárì. Ọ̀rọ̀ abọ́, igo àti kẹ́ẹ̀gì ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé inú abọ́ yìí gan-an ni ẹ̀tọ́ ọmọ òrukàn wà. Tí abọ́ bá kéré, ẹ̀tọ́ ọmọ náà kéré. Tí a kò bá sì mọ bí abọ́ wa ti tóbi tó, a kò lè fi ọwọ́ sọ àyà kí á sọ pé a ti yọ Sàká wa pé.

Ẹ wo ohun kan nínú Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé. Nínú Súrà kẹfà, ẹsẹ 152, Ọlọ́hun Ọba kìlọ̀ fún wa pé kí á má ṣe súnmọ́ dúkìá ọmọ òrukàn àfi ní ọ̀nà tí ó dára jù lọ. Kí ni ó tẹ̀lé e? Àṣẹ pé kí á wọn òṣùwọ̀n kún, kí á sì fi ìwọ̀n déédéé wọ̀n. Nínú Súrà kẹtàdínlógún, ẹsẹ 34 sọ̀rọ̀ nípa dúkìá ọmọ òrukàn, ẹsẹ 35 sì tẹ̀lé e pẹ̀lú ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀rọ̀ méjèèjì jókòó ti ara wọn. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún ẹgbẹ́ bíi tiwa, nítorí pé iṣẹ́ méjèèjì yẹn gan-an ni a kó ara wa jọ lé lórí.

KÍ NI Ń JẸ́ SỌ́Ọ̀Ù?

Ibn Umar (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) ló gbà á wá fún wa, Bukhari àti Muslim sì kọ ọ́ sílẹ̀, pé Ànọ́bì ṣe Sàká ìtúnu ààwẹ̀ ní dandan: Sọ́ọ̀ù kan dàbínù tàbí Sọ́ọ̀ù kan ọkà báálì, lórí gbogbo Mùsùlùmí, ọkùnrin àti obìnrin, ọmọdé àti àgbà, ẹrú àti olómìnira, ó sì pa á láṣẹ pé kí á yọ ọ́ kí àwọn ènìyàn tó jáde lọ kírun Yídì. Èyí ni àwọn bàbá wa ń pè ní jáákà. Abu Sa'id al-Khudri náà ka àwọn oúnjẹ tí wọ́n máa ń yọ nígbà ayé Ànọ́bì: ọkà báálì, dàbínù, wàrà gbígbẹ àti àjàrà gbígbẹ, Sọ́ọ̀ù kọ̀ọ̀kan.

Sọ́ọ̀ù yìí, òṣùwọ̀n inú abọ́ ni. Kì í ṣe òṣùwọ̀n orí ìwọ̀n. Ohun tí abọ́ gbà ni, kì í ṣe bí ẹrù ti wúwo tó. Múdù mẹ́rin ló wà nínú Sọ́ọ̀ù kan. Àwọn onímọ̀ sì ṣàlàyé Múdù pé òun ni ohun tí ó kún àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kò tóbi jù tí kò sì kéré jù, nígbà tí ó bá pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ láti fi bu nǹkan. Nítorí náà, bíbù mẹ́rin ni Sọ́ọ̀ù kan.

Ẹ kíyèsí i o: Múdù tí à ń sọ yìí ni àwọn ará wa ń pè ní Múdù Ànọ́bì. Ní àwọn ọjà òkè ọya, abọ́ kan wà tí wọ́n fi ń ta ọkà tí orúkọ òun náà ń jẹ́ múdù. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan náà ni orúkọ méjèèjì ti wá, ṣùgbọ́n múdù ọjà tóbi ju Múdù Ànọ́bì lọ. Orúkọ wọn pa pọ̀, inú wọn kò pa pọ̀.

ÀWỌN AṢÁÁJÚ PÀÁPÀÁ YẸ ABỌ́ WÒ

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ ti ń le ẹ̀sìn jù. Àwọn bàbá wa kò wọn igo mọ́ igo." Ẹ jẹ́ kí á dáhùn. Àwọn aṣáájú wa nínú ẹ̀sìn wọ̀n ọ́n, wọ́n sì tún un wọ̀n.

Láàrin àwọn onímọ̀ ìlú Kúfà ní ilẹ̀ Ìráàkì, rátílì 8 ni wọ́n ka Sọ́ọ̀ù sí. Ní Mẹ̀dínà, rátílì 5 àti ìdámẹ́ta kan ni. Abu Yusuf, ọmọlẹ́yìn àgbà fún Abu Hanifah, wá sí Mẹ̀dínà, ó sì bi àwọn ènìyàn ibẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n rí tí wọ́n fi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni Sọ́ọ̀ù rí. Wọ́n gbà á wá pé ní ọjọ́ kejì, nǹkan bí àádọ́ta àgbàlagbà, àwọn ọmọ Muhájírínà àti Ànsárì, dé. Oníkálukú gbé Sọ́ọ̀ù tirẹ̀ sí abẹ́ aṣọ, oníkálukú sì ń sọ pé ọwọ́ bàbá òun ni òun ti jogún rẹ̀, pé òun ni wọ́n fi ń yọ Sàká fún Ànọ́bì. Abu Yusuf wọn gbogbo wọn, ó rí i pé wọ́n dọ́gba, ó sì fi ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Sọ́ọ̀ù, ó gba ti àwọn ará Mẹ̀dínà. Èyí náà ni Ìmọ́ọ̀mù Máálíkì, tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀lé mádíhábì rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, dì mú.

Ẹ wo irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ńlá ni, kò sì tijú láti gbé abọ́ kí ó wọ̀n ọ́n. Àwọn àgbà Mẹ̀dínà náà kò bínú pé wọ́n ń yẹ abọ́ àwọn wò. Wọ́n gbé e jáde ni. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Bákan náà, ọ̀rọ̀ kan wà tí Abu Dawud àti Nasa'i gbà wá, pé òṣùwọ̀n inú abọ́, ti àwọn ará Mẹ̀dínà ni kí á lò. Ti orí ìwọ̀n, ti àwọn ará Mẹ́kà ni. Ìdí rẹ̀ yéni: àgbẹ̀ ni àwọn ará Mẹ̀dínà, ọkà àti dàbínù ni wọ́n ń wọ̀n, oníṣòwò ni àwọn ará Mẹ́kà, wúrà àti fàdákà ni wọ́n ń wọ̀n.

SỌ́Ọ̀Ù MÉLÒÓ NI LÍTÀ?

Lítà ni òṣùwọ̀n inú abọ́ tí gbogbo ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ ń lò báyìí. Ilẹ̀ Faransé ló kọ́kọ́ fi òfin gbé e kalẹ̀ ní ọdún 1795. Àpótí tí gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 ni ó ń gba lítà 1 gẹ́lẹ́. Sẹ́ńtílítà 100 ló wà nínú lítà 1, òun ni wọ́n ń kọ ní "cl" sí ara igo omi. Mìlílítà 1,000 ló sì wà nínú rẹ̀, òun ni "ml" tí ẹ ń rí lára igo oògùn.

Nínú ìṣirò tó gbajúmọ̀ láàrin àwọn onímọ̀ òde òní, Sọ́ọ̀ù kan jẹ́ lítà 2.75. Tí a bá pín in sí mẹ́rin, Múdù kan jẹ́ lítà 0.6875, ìyẹn bíi sẹ́ńtílítà 69. Èyí ni a ó fi ṣe ìṣirò wa lónìí.

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́hun ti ṣe é ní ìrọ̀rùn. Igo omi tí ó wọ́pọ̀ ní ìgboro wa, oríṣi méjì ni: igo ńlá tí wọ́n kọ 75cl sí, àti igo kékeré tí wọ́n kọ 50cl sí. Igo ńlá mẹ́ta jẹ́ lítà 2.25. Tí ẹ bá fi igo kékeré kan lé e, ó di lítà 2.75 gẹ́lẹ́. Igo ńlá mẹ́ta àti igo kékeré kan: Sọ́ọ̀ù kan nìyẹn. Kò sí ìyá kan tí kò lè rántí rẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Ẹ ra omi náà ní èyí tí wọn kò tíì ṣí, kí ẹ lè mọ̀ pé ibi tí ilé iṣẹ́ rọ ọ́ dé ló dé. Ẹ gbé abọ́ oníke tí inú rẹ̀ hàn sí orí tábìlì tí kò dagun. Ẹ da igo ńlá mẹ́ta àti igo kékeré kan sínú rẹ̀. Ẹ fi gègé tí kì í parẹ́ fa ìlà yí abọ́ náà ká níbi tí omi dé. Ẹ da omi kúrò, ẹ jẹ́ kí abọ́ gbẹ. Láti ọjọ́ náà lọ, Sọ́ọ̀ù ti wà nínú ilé yín.

Tí ẹ bá wá ń wọn ìrẹsì, gààrí tàbí àgbàdo sínú rẹ̀, ẹ rọra gbọn abọ́ kí ó jókòó, ẹ fi ọwọ́ tẹ́ ojú rẹ̀ kí ó tẹ́jú dé orí ìlà. Ẹ má ṣe kì í mọ́lẹ̀, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí àfo wà ní ẹ̀gbẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ fi ènì sí i, ẹ̀bùn ni, Ọlọ́hun yóò san án. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ènì ṣe àpá kan nínú dandan.

Ẹ tún wo ohun tí Anas (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) sọ nínú Bukhari: Múdù kan omi ni Ànọ́bì fi ń ṣe àlùwàlá, Sọ́ọ̀ù kan títí dé Múdù márùn-ún ni ó fi ń wẹ ìwẹ̀ ọ̀ranyàn. Tí a bá yí i sí lítà, omi àlùwàlá rẹ̀ kò kún igo ńlá kan! Ìwẹ̀ rẹ̀ sì wà láàrin lítà 2.75 sí bíi lítà 3.44. Àwa tí a ń ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ kí ó máa ṣàn ní àlùwàlá, ẹ jẹ́ kí á rò ó.

KÓŃGÒ ỌJÀ

Ìṣòro wa ni kóńgò. Kóńgò ìlú kan kì í ṣe kóńgò ìlú kejì. Nínú ọjà kan náà, kóńgò ìyá yìí lè ju ti ìyá tó jókòó tì í lọ. Àwọn mìíràn a máa lu ìdí kóńgò wọnú kí ó má baà gba nǹkan púpọ̀. A kò sọ pé gbogbo ọlọ́jà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ wọn ló bẹ̀rù Ọlọ́hun, wọ́n sì mọ ohun tí Súrà kẹtàlélọ́gọ́rin sọ nípa àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni dẹ́rìkà, bẹ́ẹ̀ ni agolo mílíìkì: orúkọ ni wọ́n, wọn kì í ṣe òṣùwọ̀n tí a lè fi búra.

Nítorí náà, ẹ má ṣe béèrè pé, "Kóńgò mélòó ni Sọ́ọ̀ù kan?" Ẹ béèrè pé, "Kóńgò tí ó wà níwájú mi yìí, lítà mélòó ni ó gbà?" Ẹ fi igo omi wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ pín 2.75 pẹ̀lú iye lítà rẹ̀. Iye kóńgò tí ó tó Sọ́ọ̀ù kan nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ méjì hàn yín. Ká ní kóńgò kan gba igo ńlá méjì, ìyẹn lítà 1.5. Kóńgò méjì jẹ́ lítà 3. Ó ju Sọ́ọ̀ù lọ pẹ̀lú sẹ́ńtílítà 25. Ẹni tó yọ kóńgò méjì bẹ́ẹ̀ fún orí kan ti yọ ọ́ pé, ó sì ti fi sàárà lé e.

Ká wá ní kóńgò mìíràn, tí ìdí rẹ̀ ti wọnú, gba lítà 1.2. Kóńgò méjì jẹ́ lítà 2.4. Ó fi sẹ́ńtílítà 35 dín sí Sọ́ọ̀ù, ìyẹn bí ìdajì Múdù kan. Ẹ lè sọ pé kékeré ni. Ṣùgbọ́n ká ní bàbá yìí ní ènìyàn mẹ́jọ nínú ilé. Ìgbà mẹ́jọ sẹ́ńtílítà 35 jẹ́ lítà 2.8. Ó ti ju Sọ́ọ̀ù kan lọ! Bàbá náà rò pé òun ti yọ Sàká orí mẹ́jọ, orí méje ló yọ. Tí ọgọ́rùn-ún ilé bá fi irú kóńgò bẹ́ẹ̀ yọ ọ́, ọgọ́rùn-ún Sọ́ọ̀ù ni kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ín. Ọgọ́rùn-ún ìkòkò ni iná kò jó lábẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Yídì. Kò sì sí olè kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Abọ́ ló jà wá lólè.

Àwọn mìíràn nínú yín máa ń fi owó rán ẹgbẹ́ pé kí ẹgbẹ́ bá wọn ra oúnjẹ. Ẹ má ṣe fi owó kóńgò ṣe ìṣirò, owó Sọ́ọ̀ù ni kí ẹ wò. Ká ní kóńgò tó gba lítà 1.5 jẹ́ 1,500 náírà. Lítà kan di 1,000 náírà, Sọ́ọ̀ù kan di 2,750 náírà. Bí owó ọjà bá lọ sókè tàbí sílẹ̀, ọ̀nà ìṣirò náà kò yí padà: ẹ pín owó kóńgò pẹ̀lú iye lítà rẹ̀, ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po 2.75.

TÍ A BÁ FẸ́ LO ÌWỌ̀N KÍLÒ ŃKỌ́?

Ìwọ̀n kílò dára, ó sì yá fún ẹni tí ó ń kó àpò ńláńlá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tí à ń ṣe. Lítà 1 omi ló wúwo tó kílò 1. Oúnjẹ kì í rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ wà láàrin ẹyọ kan sí èkejì. Sọ́ọ̀ù kan àlìkámà, tí í ṣe lítà 2.75, kílò 2.176 ni wọ́n ṣírò rẹ̀ sí. Gààrí fúyẹ́ ju ìrẹsì lọ nínú abọ́ kan náà. Ọkà tí ó tutù wúwo ju èyí tó gbẹ lọ, bẹ́ẹ̀ omi ló fi jù ú.

Ìdí nìyí tí ẹ fi ń gbọ́ iye oríṣiríṣi lẹ́nu àwọn onímọ̀. Sheikh Ibn Uthaymeen, tó kú ní ọdún 2001, ṣírò Sọ́ọ̀ù kan àlìkámà dáradára sí kílò 2.04. Ìgbìmọ̀ fátíwà ti orílẹ̀-èdè Saudi Arabia sọ pé bíi kílò 3 ni. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń lo kílò 2.5. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí da yín láàmú, ẹ má sì ṣe bá ara yín jà nítorí rẹ̀. Ọkà wọn kì í ṣe oríṣi kan náà, àwọn kan sì fi díẹ̀ lé e kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Ẹni tó bá yọ kílò 2.5 ìrẹsì, àpò kílò 50 kan yóò tó ogún orí. Ẹni tó bá fẹ́ yọ kílò 3, àpò náà yóò tó orí mẹ́rìndínlógún, kílò 2 yóò sì ṣẹ́kù. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí ènìyàn máa lo kílò lónìí, kóńgò lọ́la, èyí tó bá ṣáà ti kéré jù nínú méjèèjì.

ÀGBẸ̀, FÍDÍYÀ ÀTI ÌTÁNRÀN

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, tiyín náà wà ńbẹ̀. Ànọ́bì sọ pé kò sí Sàká lórí irè oko tí kò bá tó Wásíkì márùn-ún. Sọ́ọ̀ù 60 ló wà nínú Wásíkì kan, nítorí náà Sọ́ọ̀ù 300 ni òṣùwọ̀n tí Sàká fi ń di dandan. Tí a bá yí i sí lítà, ó jẹ́ 825. Tí a bá yí i sí kẹ́ẹ̀gì 25 lítà tí gbogbo wa mọ̀, kẹ́ẹ̀gì 33 gẹ́lẹ́ ni. Lórí ìwọ̀n, bíi kílò 653 àlìkámà ni. Nínú ìṣirò Ibn Uthaymeen, kílò 612.

Tí àgbàdo tàbí ìrẹsì yín, lẹ́yìn tí ẹ ti pa á, tí ó sì ti gbẹ, bá tó iye yìí, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni Sàká rẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé omi òjò ló wù ú. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fi làálàá bomi rin ín, ìdá kan nínú ogún ni. Lórí lítà 825, èyí jẹ́ lítà 82.5, tàbí lítà 41.25. Ní Sọ́ọ̀ù, 30 tàbí 15. Ọjọ́ tí ẹ bá kórè ni ẹ̀tọ́ yìí ti wọlé. Ẹ má dúró di ìgbà tí ọjà bá wọ́n.

Àwọn aláìsàn àti àgbàlagbà tí wọn kò lè gba ààwẹ̀ mọ́, tí wọ́n ń yọ fídíyà Múdù kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: ọgbọ̀n ọjọ́ jẹ́ Múdù 30, ìyẹn Sọ́ọ̀ù 7 àti ààbọ̀, tàbí bíi lítà 20.6. Ẹni tó jẹ gbèsè ìtánràn oúnjẹ fún ọgọ́ta aláìní, Múdù kọ̀ọ̀kan: Sọ́ọ̀ù 15, lítà 41.25. Ìtánràn ìbúra, aláìní mẹ́wàá, Múdù kọ̀ọ̀kan: Sọ́ọ̀ù 2 àti ààbọ̀, tí kò tó lítà 7.

ÒRÓRÓ ỌMỌ ÒRUKÀN ÀTI OÒGÙN RẸ̀

Kì í ṣe oúnjẹ Sàká nìkan ni òṣùwọ̀n wà fún. Ẹ̀yin alágbàtọ́, ẹ fetí sí wa. Ká ní bàbá kan kú, ó fi kẹ́ẹ̀gì epo pupa 25 lítà sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, àbúrò bàbá ọmọ náà sì tà á ní ìwọ̀n igo. Tí igo náà bá jẹ́ 75cl, igo 33 ni yóò kún, sẹ́ńtílítà 25 yóò ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n tí igo náà bá jẹ́ 60cl, igo 41 ni yóò kún, sẹ́ńtílítà 40 yóò ṣẹ́kù. Ẹni tó fi igo 60cl tà, tó wá ṣírò igo 33 fún ọmọ náà, igo 8 ti bá ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Súrà kẹrin ti sọ irú oúnjẹ tí dúkìá ọmọ òrukàn ń dà nínú ikùn ẹni tó bá fi àbòsí jẹ ẹ́: iná ni. Súrà yẹn kan náà ló ní kí á pe ẹlẹ́rìí nígbà tí a bá ń dá dúkìá wọn padà. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní lítà, ẹ má ṣe kọ "igo" tàbí "garawa" lásán, kí ẹlẹ́rìí sì fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní òkè òkun, ẹ rántí pé gálọ́ọ̀nù kì í ṣe ọ̀kan. Gálọ́ọ̀nù ti Ìlú Ọba jẹ́ lítà 4.546, ti Amẹ́ríkà jẹ́ lítà 3.785. Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà kan náà, gálọ́ọ̀nù 5 àti ààbọ̀ ni ní Ìlú Ọba, gálọ́ọ̀nù 6.6 ni ní Amẹ́ríkà. Tí ẹ bá fẹ́ ra epo tàbí òróró fún ilé àwọn ọmọ, ẹ kọ lítà sí wa. Ìjà kò ní sí.

Ní ti oògùn, ẹ̀mí ni. Tí dókítà bá kọ 5ml fún ọmọ, ṣíbí tó bá oògùn wá, tàbí ife kékeré, tàbí abẹ́rẹ́ tí kò ní ẹnu tí wọ́n fi ń fa oògùn ni kí ẹ lò. Ṣíbí ìdáná kò dọ́gba; èyí tí ẹ fi ń po tíì lè kéré, ti ọbẹ̀ lè gba ìlọ́po rẹ̀. Bákan náà, nígbà tí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara àpò ORS. Bí ó bá ní lítà 1, igo kékeré 50cl méjì tó kún ni, kò gbọdọ̀ dín. Tí omi bá kéré jù, iyọ̀ inú rẹ̀ yóò pọ̀ jù, ó sì lè pa ọmọ lára. Tí omi bá pọ̀ jù, kò ní ṣiṣẹ́ tó bó ti yẹ.

OHUN TÍ A FẸ́ KÍ GBOGBO WA ṢE

Lákọ̀ọ́kọ́, kí ilé kọ̀ọ̀kan ní abọ́ Sọ́ọ̀ù tirẹ̀ kí oṣù ààwẹ̀ tó wọlé. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kí ó gbé abọ́ rẹ̀ wá sí ìpàdé, a ó bá a fa ìlà sí i.

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tó bá ń mú oúnjẹ wá sí ibi ìkóǹkansí wa kò gbọdọ̀ bínú tí àwọn tó ń gbà á bá tún un wọ̀n lójú rẹ̀. Ẹ rántí àwọn àgbà Mẹ̀dínà.

Lẹ́ẹ̀kẹta, abọ́ tí a fi gbà á wọlé ni a ó fi pín in jáde. A kò ní gba ohun kan ní abọ́ ńlá kí á wá fi abọ́ kékeré pín in. Ìyá àwọn ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ láti wo ìlà tó wà lára abọ́ náà, kí ó sì sọ̀rọ̀ bí kò bá dé ibẹ̀. Kò gbọdọ̀ tijú, nítorí kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ló wá bẹ̀. Ẹ̀tọ́ tí Ọlọ́hun fún un ló wá gbà.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, kí àwọn ọmọ wa tó wà ní ilé ìwé máa bá wa ṣe ìṣirò yìí. Ọmọ òrukàn tó bá mọ bí a ti ń yí Sọ́ọ̀ù sí lítà, kò sẹ́ni tó máa fi abọ́ rẹ́ ẹ jẹ nígbà tí ó bá dàgbà. Ẹ̀bùn tí oṣù kò lè jẹ tán nìyẹn.

Ẹ̀yin ará, Ànọ́bì wa tọrọ ìbùkún fún Sọ́ọ̀ù àti Múdù Mẹ̀dínà. Kì í ṣe ọ̀pọ̀ oúnjẹ nìkan ló tọrọ ìbùkún sí. Abọ́ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n pàápàá ló dárúkọ. A ń bẹ Ọlọ́hun Ọba pé kí ó fi ìbùkún sí abọ́ tiwa náà, kí ó gba Sàká wa, kí ó sì fi kún dúkìá tí a ti yọ ọ́. Kí ó jẹ́ kí á lè wọ̀n fún àwọn ẹlòmíràn bí a ó ti fẹ́ kí wọ́n wọ̀n fún àwọn ọmọ tiwa tí a kò bá sí ńlé. Kí ó ṣíjú àánú wo àwọn ọmọ òrukàn tó wà lọ́wọ́ wa, kí ó tọ́ wọn, kí ó ró àwọn ìyá wọn lágbára, kí ó sì fi orun ìdẹ̀ra ké àwọn bàbá wọn tó ti lọ. Àmín.